Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Lára Aláboyún àti Ìyá Ọmọ Tuntun: Bí A Ṣe Lè Dá A Mọ̀ àti Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí A Wá Ìtọ́jú

Nígbà tí obìnrin bá bímọ tán, kò sí ẹni tí ó wọ ilé tí kì í kí i pé, "Ẹ kú ewu ọmọ." Ìkíni náà dára, nítorí pé ewu ni ìbímọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn àlejò ti ń kí i, ayọ̀ ni gbogbo wọn ń wá lójú rẹ̀. Bí wọn kò bá rí ayọ̀ náà, wọn a ní aláìmoore ni, wọn a ní àwọn mìíràn ń wá ọmọ kiri wọn kò rí. Ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ mọ èyí. Nítorí náà a máa rẹ́rìn-ín títí àlejò ìkẹyìn yóò fi lọ, lẹ́yìn náà a kọjú sí ògiri.

Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni a kọ ìwé yìí fún, àti agbẹ̀bí tí yóò tọ́jú rẹ̀. Àìsàn kan wà tí à ń pè ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Kì í ṣe ìwà burúkú, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe pé ìyá kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Àìsàn ni, gẹ́gẹ́ bí ibà ti jẹ́ àìsàn. Ó ní àmì, ó sì ní ìtọ́jú. Ó lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oyún ṣì wà nínú, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà láàrin ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ.

Kò ṣọ̀wọ́n rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà, nǹkan bí aláboyún 16 nínú 100 àti ìyá ọmọ tuntun 20 nínú 100 ni àìsàn ọkàn ń bá jà, ìrẹ̀wẹ̀sì ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, ìwádìí kan tí àwọn dókítà tẹ̀ jáde ní 2005 rí àmì rẹ̀ lára nǹkan bí ìyá 15 nínú 100 ní ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ̀yin agbẹ̀bí, bí ìyá 20 bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yín ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ gbà pé ó ṣeé ṣe kí mẹ́ta wà nínú wọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn. Mélòó nínú wọn ni ẹ ti dá mọ̀ rí?

Ẹkún ọjọ́ kẹta

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ohun tí kì í ṣe àìsàn sọ́tọ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún lẹ́yìn ìbímọ, ní àkókò tí ọmú ń kún, ọ̀pọ̀ ìyá a máa sunkún láìnídìí. Ó lè máa rẹ́rìn-ín nísinsìnyí, kí omijé bọ́ lójú rẹ̀ láìpẹ́. Ó lè bínú nítorí pé wọ́n gbé omi ìwẹ̀ ọmọ síbi tí kò fẹ́. Àwọn họ́mónù tí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà oyún ni ó lọ sílẹ̀ lójijì lẹ́yìn tí ibi ọmọ ti jáde, àìsùn àti ìrora sì tún wà níbẹ̀. Ó ju ìdajì àwọn ìyá lọ tí èyí máa ń ṣe.

Irú ẹkún yìí kò nílò oògùn. Oúnjẹ gbígbóná, oorun, àti ẹni tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá fún wákàtí díẹ̀ ti tó. Kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 2, yóò ti lọ. Bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2, tàbí tí ó ń le sí i dípò kí ó máa rọlẹ̀, kì í ṣe ẹkún ọjọ́ kẹta mọ́. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn

Àmì méjì ni ó ṣe pàtàkì jù. Èkíní ni ìbànújẹ́ tí ó bo ọkàn obìnrin láti òwúrọ̀ di alẹ́, ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọjọ́, fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì ni pé ohun tí ó ti ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́. Ẹni tí ó máa ń kọrin bí ó bá ń gún iyán kò kọrin mọ́. Ẹni tí kì í jẹ́ kí irun orí rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì láìdì í fi í sílẹ̀ títí ó fi ta kókó. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì yìí bá wà, ẹ wo àwọn ìyókù: àìsùn, àìlèjẹun tàbí àjẹjù, àárẹ̀ tí ìsinmi kò mú kúrò, àìlèpa ọkàn pọ̀ sójú kan, ìdálẹ́bi ara ẹni, àìnírètí, àti èrò ikú.

Ìyá kan lè sọ pé, "Ṣùgbọ́n gbogbo ìyá ọmọ tuntun ni kì í sùn." Òótọ́ ni. Ohun tí a ó fi mọ ìyàtọ̀ ni èyí: bí ọmọ bá ti sùn, tí ẹlòmíràn sì ń ṣọ́ ọ, ǹjẹ́ ìyá lè sùn? Ẹni tí ó rẹ̀ lásán, bí ó bá ti fi orí kan ìrọ̀rí ni oorun yóò gbé e lọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì yóò dùbúlẹ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ yóò là sílẹ̀, èrò yóò máa yí lórí rẹ̀ bí ọlọ. Bí ó bá sì sùn, yóò jí ní aago mẹ́ta òru, kò ní lè sùn mọ́. Bákan náà ni ti oúnjẹ. Ebi máa ń pa ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú. Bí oúnjẹ bá wà níwájú rẹ̀ tí ó dàbí iyanrìn lẹ́nu rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ kíyè sí i.

Ti ọmọ pẹ̀lú yẹ ní wíwò. Ìyá kan lè máa ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ, kí ó wẹ ọmọ, kí ó fún un lọ́mú, síbẹ̀ kí ó dà bí ẹni pé ọmọ ọlọ́mọ ni. Òmíràn ń bẹ̀rù jù. Ní òru yóò dìde nígbà ogún láti wò ó bóyá ọmọ ṣì ń mí. Òmíràn ń sọ pé, "Èmi kò yẹ ní ìyá, ìbá sàn kí ẹlòmíràn tọ́ ọmọ yìí." Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí wúwo. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi rẹ́rìn-ín.

A fẹ́ kí àwọn agbẹ̀bí dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí, nítorí níbẹ̀ ni a ti ń ṣìnà jù. Obìnrin wa kì í sábà wọ kíníkì kí ó sì wí pé, "Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì." Ara ni yóò sọ. Yóò ní, "Orí mi ń gbóná." Yóò ní, "Nǹkan ń rìn lára mi bí èèrà." Yóò ní àyà òun ń já, yóò ní ata ń ta òun láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, yóò ní òun ń ronú. Lónìí orí fífọ́ ni ó gbé wá, a fún un ní parasitamọ́ọ̀lù. Lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ẹ̀yìn ni ó ń dùn ún, a fún un ní oògùn ibà. Nígbà kẹta tí ó bá dé, a ń wo ara wa lójú pé, "Ó tún ti dé." Ìgbà kẹta yẹn gan-an ni ó yẹ kí agbẹ̀bí fà á sápá kan kí ó béèrè ọ̀rọ̀ ilé.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe torí èyí sọ gbogbo nǹkan di ti ọkàn. Aláboyún tàbí ìyá ọmọ tuntun tí orí ń fọ́ gidigidi, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ wọ̀n, nítorí gìrì aláboyún kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ibà. Ẹ wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tó, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ a máa mú àárẹ̀ tí ó jọ ìrẹ̀wẹ̀sì wá. Ẹṣẹ́ ọrùn tí à ń pè ní tairọ́ọ̀dù pẹ̀lú lè ṣiṣẹ́ ségesège lẹ́yìn ìbímọ kí ó sì fara jọ ọ́.

Àwọn tí ó yẹ kí a ṣọ́

Ẹnikẹ́ni ni ó lè ṣe, olówó tàbí tálákà. Ṣùgbọ́n ó máa ń bá àwọn kan ju àwọn mìíràn lọ: ẹni tí ó ti ṣe rí, ẹni tí ó wà nínú ẹbí rẹ̀, ẹni tí oyún tàbí ọmọ ti bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ oyún náà, ẹni tí ọkọ ń lù, ẹni tí kò rí olùrànlọ́wọ́. Ìwádìí 2005 tí a mẹ́nu kàn lókè fi hàn pé ó pọ̀ lára àwọn tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn nígbà oyún, àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí wọn, àwọn tí ọmọ wọn kò pé oṣù, àwọn tí kò ní ọkọ, àti àwọn tí wọ́n bí obìnrin.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó bí obìnrin yìí dun ni. Ẹ̀yin ọkọ àti ẹ̀yin ìyá ọkọ tí ẹ bá ka ìwé yìí, omi ara ọkùnrin ni ó ń pinnu bóyá ọmọ yóò jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ìyàwó kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kùn sí i lórí èyí ń dá a lẹ́bi ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Bí agbẹ̀bí ṣe lè béèrè

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ rẹ̀ kẹta ni èyí, obìnrin sì ni gbogbo wọn. Abẹ ni wọ́n fi bí èyí. Ìyá rẹ̀ ti kú, ìyá ọkọ rẹ̀ wá fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ó sì padà sí oko. Ní ọ̀sẹ̀ 6 ó gbé ọmọ wá fún abẹ́rẹ́. Ọmọ mọ́, ó sanra, ó wọ fìlà òwú. Ìyá ni bàtà rẹ̀ kò bára mu.

Agbẹ̀bí ní, "Ẹ kú ìtọ́jú, ìyá ọmọ. Ọmọ yìí ń dára. Ìyá ńkọ́?"

Ó ní, "A dúpẹ́."

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò kọ ọ́ sínú káàdì pé ara ìyá le. Ṣùgbọ́n "a dúpẹ́" kì í ṣe ìdáhùn, ìkíni ni. Agbẹ̀bí yìí fà á lọ sápá ibi tí ìlà èrò kò sí, ó fa àga fún un, ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ dúpẹ́. Ẹ sọ fún mi bí òru ṣe ń rí fún yín." Nígbà náà ni omijé dé.

Ìbéèrè méjì kan wà tí àwọn dókítà ti dán wò káàkiri, kò sì gba ìṣẹ́jú kan. "Láàrin oṣù kan sẹ́yìn, ǹjẹ́ ìbànújẹ́ tàbí àìnírètí ti máa ń dà yín láàmú?" àti "Láàrin oṣù kan sẹ́yìn, ǹjẹ́ nǹkan tí ó máa ń dùn mọ́ yín kò dùn mọ́ yín mọ́?" Bí ìdáhùn sí ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó lọ láì tíì wádìí síwájú. Ìwé ìbéèrè mẹ́wàá kan tún wà tí wọ́n ṣe ní ìlú Edinburgh ní Scotland ní 1987, tí wọ́n sì ti lò fún àwọn ìyá ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá ní in, ẹ ka á fún ìyá tí kò mọ̀wé, ní Yorùbá, láìsí ọkọ tàbí ìyá ọkọ nítòsí. Ìbéèrè kẹwàá ibẹ̀ dá lórí bóyá ìyá ti ronú láti ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá. Bí ó bá dáhùn sí èyí pé bẹ́ẹ̀ ni, àní bí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ọjọ́ náà ni a ó ṣe nǹkan sí i, iye tí ìyókù ìwé náà ì báà jẹ́.

A mọ̀ pé èyí le ní èdè wa. Bí obìnrin bá sọ pé, "Ó wù mí kí n sùn kí n má jí mọ́," ẹnu gbogbo wa ni a ó pa pọ̀ pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ má fi ẹnu yín sọ bẹ́ẹ̀!" Ìfẹ́ ni ó ń mú wa sọ ọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ni a tì mọ́ ọn lójú. Kò ní sọ ọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni èrò náà kò kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí ó tọ́ ni kí agbẹ̀bí fara balẹ̀, kí ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́ fún mi. Ó ti tó ìgbà wo? Ǹjẹ́ ẹ ti ronú ọ̀nà tí ẹ ó gbà ṣe é? Ti ọmọ ńkọ́?" Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí a bá béèrè, a ó fi kọ́ ọ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ara máa ń tù nígbà tí wọ́n bá rí ẹni béèrè.

Bí ó bá ti ní ọ̀nà lọ́kàn, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kódà láti lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ pe ẹni rẹ̀ kan. Kí wọ́n kó oògùn apakòkòrò, oògùn eku àti gbogbo hóró oògùn kúrò nílé. Kí ẹnìkan tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà.

Ohun kan yẹ kí àwọn ìyá mọ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ ìyá ni èrò burúkú máa ń sáré kọjá lọ́kàn wọn, pé bí ọmọ bá já bọ́ ńkọ́, pé bí mo bá ṣèèṣì fi ọ̀bẹ kàn án ńkọ́, tí èrò náà sì ń já wọn láyà. Èyí kì í ṣe pé ìyá fẹ́ pa ọmọ. Ẹ sọ ọ́ fún agbẹ̀bí. Kò ní gba ọmọ lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀.

Abísínwín

Àwọn àgbà wa mọ àìsàn yìí, wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ tipẹ́. Ó yàtọ̀ sí ìrẹ̀wẹ̀sì. Nínú ẹgbẹ̀rún obìnrin tí ó bímọ, ọ̀kan tàbí méjì ni ó ń ṣe. Lójijì ni ó máa ń dé, nígbà púpọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́. Ìyá kò ní sùn, kò sì ní sọ pé ó rẹ òun. Yóò máa sọ̀rọ̀ yàùyàù, yóò máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, yóò máa fura sí gbogbo ènìyàn, yóò sọ pé ọmọ náà kì í ṣe ọmọ òun tàbí pé ẹ̀mí kan wà nínú rẹ̀. Ó lè bọ̀ sípò lówùúrọ̀ kí ó tún dàrú lálẹ́, èyí sì ń tan àwọn ará ilé jẹ.

Kò sí ọ̀la nínú ọ̀rọ̀ abísínwín. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí ó ní dókítà ọpọlọ, irú bíi ti Àró ní Abẹ́òkúta, ti Yábàá ní Èkó, tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Ìbàdàn àti ti Ilé-Ifẹ̀. Kí ẹlòmíràn gbé ọmọ. Ẹ má dè é mọ́lẹ̀, ẹ má nà án, ẹ má sì fi ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sínú ààwẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà, kí ó máa gbàdúrà bí ọkọ̀ ti ń lọ. Àìsàn yìí ń gbọ́ oògùn dáradára, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a tètè gbé lọ ni ó sì padà di ìyá ọmọ wọn pátápátá. Obìnrin tí ó bá ti ṣe rí, tàbí tí àìsàn ọpọlọ mìíràn ti ṣe rí, kí ó sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó bá forúkọ oyún sílẹ̀, nítorí ó lè padà wá, a sì lè múra dè é.

Ìtọ́jú

Ìrẹ̀wẹ̀sì tí kò tíì le púpọ̀, ọ̀rọ̀ ni oògùn rẹ̀: kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà máa bá ìyá jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n tú ìṣòro palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá ojútùú sí èyí tí ó ní ojútùú. Kì í ṣe dókítà nìkan ni ó lè ṣe èyí. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn dókítà láti Ìbàdàn ti kọ́ àwọn agbẹ̀bí kíníkì ìjọba ìbílẹ̀ láti dá ìrẹ̀wẹ̀sì mọ̀ kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá ni ó sì gbádùn lọ́wọ́ wọn.

Èyí tí ó le ń fẹ́ oògùn. Oògùn wà tí ìyá lè lò kí ó sì máa fọ́mọ lọ́mú. Dókítà ni yóò yàn án. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yá, nítorí náà ẹni tí ó bá jù ú nù ní ọjọ́ karùn-ún kò tíì lò ó. Bí ara bá sì ti yá, a ó máa lò ó lọ fún nǹkan bí oṣù 6 sí i, dókítà ni yóò sì dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe fi àgbo kún un láìsọ fún un. Obìnrin tí ó ti ń lo oògùn ọpọlọ kí ó tó lóyún, kí ó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó yára lọ rí dókítà rẹ̀, nítorí àwọn kan, bíi valproate, ń ba ọmọ inú jẹ́, a ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ní ti ará ilé, iṣẹ́ pọ̀ fún wọn. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní Àró ní 1954, ó ní kí aláìsàn mú ẹbí rẹ̀ kan dání, kí wọ́n jọ máa gbé ní abúlé ìtòsí kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé oògùn nìkan kò tó láàrin wa. Láyé àtijọ́ ìyá ìyàwó tàbí ìyá ọkọ a máa wà lọ́dọ̀ ìyá ọmọ títí ọmọ yóò fi pé ogójì ọjọ́, òun ni ó ń gbọ́n omi, òun ni ó ń wẹ ọmọ. Lónìí ọ̀pọ̀ ìyá ni ó wà nínú yàrá kan ní ìgboro, ọkọ wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sí ẹnìkan. Bí ìyá àgbà kò bá lè wá, kí ọkọ gba òru kan nínú méjì, kí ó máa gbé ọmọ fún ìyá nìgbà tí ó bá ní láti fọ́mọ lọ́mú, kí ó sì máa gbà á padà. Kí aládùúgbò máa se oúnjẹ kan lóòjọ́. Èyí kò yọ oògùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú kí oògùn ráyè ṣiṣẹ́.

Ìyá tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lókè, agbẹ̀bí ránṣẹ́ pe ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkọ ní òun rò pé ìyàwó òun ń bínú nítorí ọmọbìnrin ni, òun sì ti ń yẹra fún un kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀. Agbẹ̀bí kọ ìwé fún wọn láti lọ rí dókítà, ó sì ṣe ohun kan tí a fẹ́ kí gbogbo agbẹ̀bí máa ṣe: ó kọ ọjọ́ tí wọn yóò padà wá sínú káàdì ìyá, kì í ṣe káàdì ọmọ nìkan, ó sì béèrè orúkọ ẹni tí yóò bá a wá. Bí wọn kò bá dé ní ọ̀sẹ̀ 10, nígbà abẹ́rẹ́ kejì, ó ti mọ ilé tí yóò ránṣẹ́ sí.